Ta Ló Ń Mú Ta Dàgbà? Ìtàn Ọ̀rọ̀ "Development" Láti Ìsàlẹ̀ Èkó Dé Kétu

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká tú palẹ̀ lónìí. Ó wà káàkiri àgbègbè Kòsọ́fẹ́ tí mo ń gbé, ṣùgbọ́n inú lẹ́tà ló fara pamọ́ sí. Títì tó gba Ìkòsì lọ sí Mágòdò àti Ṣàǹgíṣà, CMD là ń pè é. Ẹni tó ń gbé Kétu tó fẹ́ lọ rí ìjọba ìbílẹ̀, LCDA Àgbóyì-Kétu ló máa lọ. Ti Ìkòsì, LCDA Ìkòsì-Ìṣẹ́rì. Bí gọ́tà bá dí ládùúgbò, tàbí tí tiransifọ́mà bá jó, ìpàdé CDA la máa pè. Nínú CMD, nínú LCDA, nínú CDA, D kan náà ló wà níbẹ̀. Development ni.

Ìbéèrè tó bí àròkọ yìí kò le. Ìjọba ń pe development, Báńkì Àgbáyé ń pè é, ẹgbẹ́ àwọn onílé ń pè é, ẹni tó fẹ́ wó ilé bàbá wa kó fi kọ́ fúláàtì náà ń pè é. Ṣé ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìtàn fi hàn mí ni pé ẹnu méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ní. Nígbà tí a túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ẹnu kan la mú, a fi èkejì sílẹ̀. Èyí tí a fi sílẹ̀ yẹn gan-an ló máa ń wó ilé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ni ọ̀rọ̀. Ọwọ́ àwọn Faransé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti yá develop, ní nǹkan bíi ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ohun tó túmọ̀ sí nígbà náà ni kéèyàn tú nǹkan tí wọ́n dì, bí ìgbà tí a bá tẹ́ ẹní tí a ti ká. Ohun tó wà nínú ìdì ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Títú la tú u tí ojú fi rí i. Nígbà tí iṣẹ́ fọ́tò dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n mú ọ̀rọ̀ náà lò fún un, nítorí pé àwòrán ti wà lára nǹkan náà kí wọ́n tó tì í bọ omi oògùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe díẹ̀ láyé á rántí pé àwa ní Èkó kì í pe ìyẹn ní develop. Fífọ̀ la máa ń sọ: "Ṣé wọ́n ti fọ fọ́tò yẹn?" Kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì tiwa, wash ni. Omi la rí, bí aṣọ ṣe ń mọ́ nínú omi la sì fi wò ó.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti pín sí méjì. Ọ̀nà kìíní ni ti ọmọ tó ń dàgbà, ti irúgbìn tó ń hù, ti àwàdà tó bẹ̀rẹ̀ kékeré tó wá dìjà. Nínú èyí, nǹkan náà fúnra rẹ̀ ló ń yí padà. Ọ̀nà kejì ni ti ilẹ̀ àti ohun àmúṣọrọ̀. Ẹnì kan ń develop ilẹ̀; ilẹ̀ ò lè ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe é wà, ohun tí wọ́n ń ṣe é sí náà wà, kò sì dìgbà tí wọ́n bá bi èkejì léèrè. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà ló ru ẹrù méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fi lè ti orí ọ̀kan fò sórí èkejì, tí ẹni tó ń gbọ́ kò sì ní fura.

Yorùbá ò gbà fún un bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún development lónìí, nínú ìròyìn àti lẹ́nu àwọn olóṣèlú, ni ìdàgbàsókè. Ẹ wo inú rẹ̀: kí nǹkan dàgbà, kó sì lọ sókè. Ẹnikẹ́ni kì í dàgbà ẹlòmíràn. Ìyá á tọ́ ọmọ, bàbá á bọ́ ọ, olùkọ́ á kọ́ ọ, àmọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò dàgbà. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹlòmíràn wọ inú gbólóhùn náà, ẹ gbọ́dọ̀ wá ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn kún un: ẹ ó ní ìjọba "mú" ìlú dàgbà. "Mú" kékeré yẹn ló ń sọ fún wa pé ẹnì kan wà nídìí ọ̀rọ̀. Ìdàgbàsókè nìkan kì í sọ ọ́. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ ìjọba kan bá dé ìpàdé àdúgbò tó ní ìdàgbàsókè ń bọ̀ ní Kétu, ohun tí etí Yorùbá gbọ́ ni pé Kétu fẹ́ dàgbà. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè máa sọ pé ẹnì kan fẹ́ develop Kétu. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì o.

Kí ìdàgbàsókè tó gbilẹ̀ báyìí, àwọn bàbá wa ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Èyí tí àwọn onímọ̀ mọ̀ jù ni ọ̀làjú. J. D. Y. Peel, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe ìwádìí ìtàn àwọn Ìjẹ̀ṣà, kọ àròkọ lé e lórí ní 1978, ó sì pè é ní èrò Yorùbá nípa development. Kí ojú là ni pé kéèyàn mọ̀wé, kó rìnrìn àjò, kó mọ ohun tó ń lọ láyé. Ojú ẹni ló ń là. Kì í ṣe títì. Òmíràn ni àtúnlùúṣe, tí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀ fi sọ ara wọn lórúkọ. Ìlú ti wà. À ń tún un ṣe ni, àwa ọmọ rẹ̀ la sì ń tún un ṣe. Nígbà tí ẹgbẹ́ Action Group sì ń wá orúkọ Yorùbá tí wọn yóò fi bá ará oko sọ̀rọ̀ láàárín àwọn ọdún 1950, Afẹ́nifẹ́re ni wọ́n mú. Wọn ò sọ pé àwọn fẹ́ mú ẹnikẹ́ni dàgbà. Ire ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fún èèyàn, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó sì bẹ̀rẹ̀ ní January 1955 ni ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ ire náà.

Ibo wá ni ẹnu kejì ti wọlé sí wa? Inú ìwé òfin ìjọba amúnisìn ni. Ní 1929, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe òfin tí wọ́n pè ní Colonial Development Act. Owó tí òfin náà gbà láyè fún gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso kò ju mílíọ̀nù pọ́n-ùn kan lọ lọ́dún. Òfin náà ò sì fi pamọ́ pé ara ìdí tí wọ́n fi ń náwó ọ̀hún ni kí òwò àti iṣẹ́ ilé Gẹ̀ẹ́sì lè gbèrú, torí àìríṣẹ́ṣe ti ń pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ohun tí wọ́n fẹ́ develop nígbà yẹn ni ilẹ̀ àti ohun tó ń ti inú ilẹ̀ jáde. Ọdún 1940 ni wọ́n tó fi welfare, ìyẹn àlàáfíà ará ìlú, kún orúkọ òfin náà, lẹ́yìn tí rògbòdìyàn àwọn òṣìṣẹ́ ti mi àwọn erékùṣù Caribbean láàárín àwọn ọdún 1930.

Owó náà di mílíọ̀nù 5 lọ́dún. Ní 1945 wọ́n sọ ọ́ di mílíọ̀nù 120 fún ọdún 10. Inú èyí ni ètò ọlọ́dún 10 ti Nàìjíríà, tó jáde ní 1946, ti wá. Iye tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún un jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù pọ́n-ùn 55, ṣùgbọ́n nǹkan bíi mílíọ̀nù 23 ló máa ti Lọ́ńdọ̀nù wá. Ìyókù, owó orí àti ẹ̀yáwó tiwa ni. Nígbà tó wá di ọjọ́ 20, oṣù January, 1949, Ààrẹ Truman ti Amẹ́ríkà dúró níbi ìbúra rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ nípa àwọn ilẹ̀ tí kò tíì develop tó. Láti ìgbà náà ni gbogbo ayé ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ yìí pín orílẹ̀-èdè, bí ẹni ń pín ọmọ iléèwé sí kíláàsì.

Àmọ́ Èkó ò dúró de Truman. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri jà nílùú, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kú. Ní 1928 ìjọba dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀, èyí tí àwọn àgbà Èkó mọ̀ sí L.E.D.B. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tún ìlú tò, kó sì mú ibi tó dọ̀tí kúrò. Èmi ò ní sọ pé àrùn náà kì í ṣe òótọ́, tàbí pé àwọn ilé tó há mọ́ra yẹn dára fún èèyàn. Ká má parọ́, wọn ò dára. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí ni ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe nínú orúkọ àjọ yẹn. Ìlú ni wọ́n fẹ́ develop. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n máa ṣí nídìí kí iṣẹ́ tó lè bẹ̀rẹ̀.

Ní 1955, iṣẹ́ náà dé àárín Èkó gan-an. Nǹkan bíi éékà 70 ni wọ́n sàmì sí láti wó. Òmìnira ti ń sún mọ́lé, wọ́n sì fẹ́ kí olú-ìlú ṣeé fi yangàn. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí àwọn ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Marris, lọ bá àwọn èèyàn náà sọ̀rọ̀, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ilé tuntun mọ́ lóòótọ́, ó gbòòrò, ọmọ ráyè ṣeré. Àmọ́ ìyá tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó ti pàdánù oníbàárà rẹ̀. Owó ọkọ̀ wọlé síbi tí ẹsẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Agboolé tí ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ìyá àgbà jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń bójú tó ọmọ ara wọn, fọ́n ká. Ẹ rí i, nínú gbólóhùn L.E.D.B., kò pọn dandan kí àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó dàgbà kí development tó wáyé. Ohun tó pọn dandan ni kí wọ́n kúrò.

Ní 1972 ìjọba ìpínlẹ̀ pa L.E.D.B. pọ̀ mọ́ àwọn àjọ mìíràn, gbogbo rẹ̀ di LSDPC. Orúkọ yí padà, D ò kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe òdodo fún lẹ́tà náà: láyé Gómìnà Lateef Jákándè, láti 1979 sí 1983, òun náà ló bá wọn kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú tí a ṣì ń pè ní Jákándè títí dòní. Ẹni tó ń san owó ilé fún ẹlòmíràn tẹ́lẹ̀ di onílé. Ọ̀rọ̀ kan náà tó lé èèyàn kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló fún òmíràn ní kọ́kọ́rọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro, torí a ò lè kàn sọ ọ́ nù.

Ẹ jẹ́ ká padà sí títì CMD fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ètò ọlọ́pọ̀ ọdún jáde. Ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1962, ìkejì bẹ̀rẹ̀ ní 1970 lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Ó wá hàn pé owó àti irin nìkan kì í ṣiṣẹ́ bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n darí. Ní 1973 ni wọ́n dá Centre for Management Development sílẹ̀, èyí tó wà ní Ṣàǹgíṣà báyìí, tí títì náà sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ wo bí D ṣe yí padà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ develop ní CMD ni ọgbọ́n inú orí èèyàn. Òṣìṣẹ́ máa ń jókòó kẹ́kọ̀ọ́, ó máa ń padà síbi iṣẹ́, ìmọ̀ rẹ̀ á ti lọ sókè. Èyí sún mọ́ ọ̀làjú àwọn Ìjẹ̀ṣà ju ti L.E.D.B. lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró létí títì CMD lónìí tí ẹ ní ẹ ń wá development, ó ṣeé ṣe kí wọ́n mú yín lọ bá ẹni tó ń ta ilẹ̀.

Nítorí ẹnu kejì ò dákẹ́. Ní July 1990, láyé ìjọba ológun Raji Rasaki, wọ́n wó Máròkó. Iye èèyàn tí wọ́n sábà máa ń sọ pé ó pàdánù ilé níbẹ̀ tó 300,000. Ìdí tí ìjọba sọ ni pé ibẹ̀ rẹlẹ̀, omi lè gbé e lọ, ó sì dọ̀tí. Lónìí, ilé olówó ńláńlá ló wà lórí ilẹ̀ yẹn. Ká sọ pé omi ò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà, ṣé ẹ rí i pé ẹjọ́ náà ò jọra?

Ẹ wo òmíràn tí kò tíì pẹ́. Ní 2006, ẹ̀ka Báńkì Àgbáyé tó ń jẹ́ International Development Association fọwọ́ sí ẹ̀yáwó mílíọ̀nù dọ́là 200 fún Èkó. Orúkọ iṣẹ́ náà ni Lagos Metropolitan Development and Governance Project. Wọ́n yan àdúgbò mẹ́sàn-án tí wọ́n fẹ́ tún ṣe. Bàrígà tó múlé ti Kòsọ́fẹ́ wà lára wọn, Bàdíà náà wà lára wọn. Títún àdúgbò ṣe fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni wọ́n sọ. Ní ọjọ́ 23, oṣù February, 2013, nígbà tí iṣẹ́ náà ṣì ń lọ lọ́wọ́, katakata ìjọba ìpínlẹ̀ wọ Bàdíà East. Àjọ Amnesty International ṣírò pé àwọn tó pàdánù ilé tó nǹkan bíi 9,000. Nínú ìwé kan náà, àdúgbò kan náà, ẹnu méjèèjì ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Ọ̀kan ní kí Bàdíà dàgbà, èkejì ní kí ilẹ̀ Bàdíà ṣófo.

Kẹ́ ẹ má baà rò pé ẹjọ́ Báńkì Àgbáyé ni mo ń rò, ẹ rántí ọkọ̀ BRT. Owó àjọ kan náà wà nínú ètò ìrìnnà tí Èkó fi ṣe ọ̀nà tí BRT bẹ̀rẹ̀ sí í gbà láti Máìlì 12 dé CMS ní March 2008. Ní 2015 wọ́n ṣí èyí tó ti Máìlì 12 dé Ìkòròdú. Ẹni tó ń kó tòmátì àti ata ní Máìlì 12, tó mọ ohun tí gòsílóò ti fojú rẹ̀ rí lọ́nà Ìkòròdú, kò ní gbà kẹ́ ẹ sọ fún un pé development kì í ṣe nǹkan kan. Ọjà tí ń bàjẹ́ nínú oòrùn kì í dúró de èrò àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀nà dára. Ìbéèrè mi kò ju pé ta ni wọ́n bi kí wọ́n tó lànà, àti pé níbo ni ẹni tí ọ̀nà gba orí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá máa tajà.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ọ́fíìsì, ó ti bọ́ sígboro. Ní Kétu, "developer" ni ẹni tó máa bá ẹbí yín sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wó ilé bàbá yín, kóun kọ́ fúláàtì mẹ́fà, kóun mú mẹ́rin, kẹ́ ẹ mú méjì. Bí àwọn ọmọ bàbá kan bá gbọ́n, tí wọ́n sì bá lọ́yà jókòó, ó lè bọ́ sí i fún wọn. Bí wọn ò bá gbọ́n, ìyàwó bàbá tó ti dàgbà ni yóò kọ́kọ́ wá ibòmíràn gbé. "Development levy" náà ńkọ́? Òfin 1998 tó to orúkọ owó orí lẹ́sẹẹsẹ ní ìjọba ìpínlẹ̀ lè gbà á lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sì gbọ́dọ̀ ju 100 náírà lọ lọ́dún. Òfin owó orí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2025 tún gbé orúkọ náà dìde fún iléeṣẹ́ tí kì í ṣe kékeré, ìdá 4 nínú 100 èrè wọn. Àmọ́ ẹni tó bá kọ́lé rí ní Èkó mọ̀ pé orúkọ yẹn ní àwọn ọmọ tí òfin ò mọ̀: ti ìpìlẹ̀, ti dẹ́kìn, ti òrùlé. Bí etí Yorùbá bá gbọ́ orúkọ Kòsọ́fẹ́, "kò sí ọ̀fẹ́" ló máa ń gbọ́, ẹ̀rín sì máa ń pa wá nítorí pé òótọ́ ni.

Síbẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti sún mọ́ dàgbà jù lọ ni mo rò pé ìpàdé CDA ni. Community Development Association ni orúkọ rẹ̀ lórí ìwé, ìjọba ló sì ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá jókòó síbẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn onílé ló ń bá ayálégbé jíròrò. Ọ̀gbẹ́ni alága á kí gbogbo ilé, akọ̀wé á ka ohun tí wọ́n sọ níjọ́sí, akápò á pe orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè, ariwo á sọ. Ní àdúgbò tí mo ń gbé, owó tí a dá lójúlé sójúlé la fi tún ojú gọ́tà ṣe, òun náà la fi ń sanwó fún àwọn ọlọ́dẹ. Kò dùn mọ́ gbogbo wa nínú pé àwa la ń ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí ìjọba ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá sọ níbẹ̀ pé àdúgbò ń dàgbà, kò sí "mú" kankan tó sọnù nínú gbólóhùn náà. Àwa la dáwó, àwa la dúró ti bíríkìlà. Àtúnlùúṣe àwọn bàbá wa nìyẹn, ó kàn wọ ẹ̀wù Gẹ̀ẹ́sì ni.

Mo fi èyí tó kan ará Kétu àti Ìkòsì jù pamọ́ dìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ tán. Níbẹ̀ ni development ti ṣe iṣẹ́ tí mi ò tíì rí i kó ṣe níbòmíràn. Ìjọba Bọ́lá Tinúubú ní Èkó fi ìjọba ìbílẹ̀ tuntun 37 kún 20 tí òfin orílẹ̀-èdè kà. Gbogbo rẹ̀ di 57. Ní March 2004, wọ́n dìbò sí gbogbo wọn. Ní April, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ní kí wọ́n dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró. Èkó gbé ẹjọ́ lọ sílé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní ọjọ́ 10, oṣù December, 2004, àwọn adájọ́ dá ẹjọ́ tó dùn tó sì korò: Ààrẹ ò láṣẹ láti dá owó náà dúró, ṣùgbọ́n àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tuntun ò tíì pé, àyàfi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ bá fi orúkọ wọn sínú òfin. Ó dà bí ilé tí wọ́n ti mọ ìpìlẹ̀ rẹ̀ tí wọn ò tíì kan òrùlé. Owó tí wọ́n dá dúró náà ò bọ́ títí Ààrẹ Yar'Adua fi dé ní 2007.

Kí ni Èkó wá ṣe? Kò wó ilé náà, kò sì kan òrùlé. Orúkọ ló yí padà. Àwọn tuntun 37 di Local Council Development Area. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Nínú orúkọ yìí, development kò sọ pé nǹkan ń dàgbà, kò sì sọ pé wọ́n fẹ́ wó nǹkan. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fún ìjọba tí òfin ò tíì dá mọ̀ ní ibi tó lè forí pamọ́ sí. Alága wà, káńsílọ̀ wà, ìbò ń wáyé. Ọjọ́ 12, oṣù July, 2025 ni wọ́n dìbò kẹ́yìn sí gbogbo àwọn 57. Àmọ́ lórí ìwé Àbújá, Kòsọ́fẹ́ nìkan ló wà. Àgbóyì-Kétu ò sí níbẹ̀, Ìkòsì-Ìṣẹ́rì ò sí níbẹ̀. Owó tó ń wọlé lórúkọ Kòsọ́fẹ́ ni wọ́n ń pín.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ìdájọ́ ọjọ́ 11, oṣù July, 2024 kan wá gbọ̀ngbọ̀n. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀, kí gómìnà má baà dí i lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn jó, ó sì tọ́ kí wọ́n jó. Àmọ́ 774 ni ìjọba ìbílẹ̀ tí òfin kà, kò sí LCDA kan nínú rẹ̀. Bí owó bá wá bọ́ tààrà sọ́wọ́ Kòsọ́fẹ́, kí ni yóò kan Àgbóyì-Kétu? Ta ni yóò san owó oṣù ẹni tó ń gbálẹ̀ ní Alápẹ̀rẹ̀? Ìbéèrè gidi nìyí fún àwọn tí wọ́n ti ń dìbò fún alága láti nǹkan bíi ogún ọdún. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ìjọba wọn fẹ̀yìn tì, lẹ́tà náà ò sì ní agbára òfin orílẹ̀-èdè.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání kò pọ̀. Nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé ìdàgbàsókè ń bọ̀ ládùúgbò yín, ẹ má kọ̀ ọ́, ẹ má sì kàn pàtẹ́wọ́. Ẹ ní kó fi "mú" sí i. Kó sọ ọ́ ní gbólóhùn Yorùbá tó pé: ta ló fẹ́ mú kí ni dàgbà, ta ni yóò sanwó, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lónìí yóò sì wà níbẹ̀ nígbà tó bá dàgbà tán? Bí gbólóhùn náà bá jáde wẹ́rẹ́, ẹ lè fún un ní ìjókòó. Bó bá ń ta kókó, tó wá ń padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ pe ìpàdé. Èdè wa ti bá wa ṣe iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀. Ó kọ̀ láti jẹ́ kí ẹnì kan dàgbà ẹnì kejì láìsọ orúkọ ara rẹ̀. Àwa la gbọ́dọ̀ máa lò ó bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí wọ́n ń lò ní ìlú yín fún nǹkan yìí kí ìdàgbàsókè tó dé, ẹ má fi pamọ́ fún mi.